Ìrànlọ́wọ́ Àkọ́kọ́ àti Títẹ Àyà Nígbà Pàjáwìrì: Ìmọ̀ Tí Ó Yẹ Kí Gbogbo Ará Erékùṣù Èkó Ní

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀ ní òpópónà Massey, ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ilé náà, àwọn ọmọ sì wà nínú kíláàsì lọ́wọ́. Ó kéré tán, ènìyàn 20 ni ó kú. A sì rí ọ̀pọ̀ yọ láàyè. Kí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó dé ni àwọn ará àdúgbò ti gun orí àlàpà náà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán gbé bíríkì kúrò.

Bí ó ti rí ní ọjọ́ náà ni ó máa ń rí nígbà gbogbo. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ pànápaná. Aládùúgbò rẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà, tàbí ọmọ ilé rẹ̀. Ohun tí ẹni náà bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àti ohun tí ó bá fà sẹ́yìn láti ṣe, lè sọ bóyá ẹni tí ó fara pa yóò yè tàbí kò ní yè. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún gbogbo olùgbé Ìsàlẹ̀ Èkó àti Erékùṣù Èkó lápapọ̀.

Kí ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́?

Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ tí a ń fún ẹni tí ó fara pa tàbí tí àìsàn kọ lù lójijì, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ohun mẹ́ta ni ó wà fún: kí ẹ̀mí má baà bọ́, kí ìpalára náà má baà le sí i, kí ara sì lè tètè kọ́fẹ. Kò rọ́pò ilé ìwòsàn. Afárá ni ó jẹ́ láàárín ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ àti ọwọ́ dókítà. Kò gba oògùn, kò gba owó púpọ̀, kò sì gba ìwé ẹ̀rí gíga. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè kọ́ ọ, ìyá àgbà náà sì lè kọ́ ọ.

Ìdí tí ó fi ṣe kókó ní àdúgbò wa

Ìlú àtijọ́ ni Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti Iga Ìdúngànrán dé Ẹbúté Èrò, láti Ìdúmàgbò dé Òkè Àrìn, ilé fara kọ́ ilé, ọ̀nà àárín wọn sì tóóró. Ọjà Ìdúmọ̀tà, Jáńkàrà àti Balógun ń gba èrò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wa: Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò ti Erékùṣù Èkó, tí a mọ̀ sí Ọ̀dàn, ti wà ní òpópónà Broad láti ọdún 1893, Ilé Ìwòsàn Aláboyún ti Erékùṣù náà sì wà nítòsí. Síbẹ̀, ibi tí kò jìnnà lè pẹ́ẹ́ dé. Ọkọ̀ áńbúláǹsì tí ó bá dé ojú títì lè má rí ọ̀nà wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí, pàápàá ní ọjọ́ tí wọ́n bá ta tẹ́ǹtì òde sí àárín òpópónà.

Ọpọlọ ènìyàn kò sì lè dúró. Bí ọkàn bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí afẹ́fẹ́ tútù inú ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kò tó ẹni láti jáde láti àárín agboolé kan sí ojú títì kí ó sì padà. Nítorí náà, ẹni tí ó wà nítòsí ni ó ni ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú gbogbo pàjáwìrì

1. Ẹ wo àyíká kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ṣé wáyà iná já sílẹ̀? Ṣé ògiri tí ó kù ń mì? Ṣé òórùn gáàsì tàbí bẹntiróòlù wà níbẹ̀? Ẹni tí ó bá sá wọ inú ewu lè di ẹni kejì tí a ó máa wá ìrànlọ́wọ́ fún.

2. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni ìpè méjèèjì. Láti ibẹ̀ ni a ti ń ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì, pànápaná, àti LASAMBUS, iléeṣẹ́ áńbúláǹsì tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. Ẹ sọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, kí ẹ sì fi àmì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kún un: mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì, iga olóyè, ẹnu ọjà. Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn tí ó kàn, àti bóyá wọ́n ń mí. Ẹ má ṣe pa fóònù kí ẹni tí ó gbé ìpè tó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

3. Ẹ pín iṣẹ́. Ẹ má kàn ké pé kí ènìyàn kan pe áńbúláǹsì, nítorí gbogbo ènìyàn yóò rò pé ẹlòmíràn ti pè. Ẹ na ìka sí ẹnì kan, kí ẹ ní kí ó pè. Ẹ rán ẹlòmíràn lọ sí ẹnu ọ̀nà òpópónà láti dúró de ọkọ̀ náà kí ó sì mú wọn wá. Ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbé tábìlì, àga àti ọ̀kadà kúrò lójú ọ̀nà.

4. Ẹ lé èrò sẹ́yìn. Ẹni tí kò lè mí dáadáa kò nílò ogójì ènìyàn lórí ara rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò sì dáhùn

Ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ fọwọ́ kàn án ní èjìká méjèèjì, kí ẹ sì pè é sókè. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò. Ẹ gbé etí sún mọ́ imú rẹ̀. Kí èyí má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹ ṣọ́ra: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lè máa fa ìmí kan léraléra, bí ẹni tí ń hanrun, kí ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún fa òmíràn. Ìyẹn kì í ṣe mímí.

Bí ó bá ń mí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tẹ orunkún rẹ̀ tí ó wà lókè síwájú kí ó má baà dojú bolẹ̀, kí ẹ sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀. Báyìí ni itọ́ tàbí èébì kò ní ṣàn padà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ máa wo mímí rẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Bí kò bá mí, tàbí tí ó ń fa ìmí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Títẹ àyà àti fífẹ́ èémí

Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní CPR. Ní ọdún 1960 ni Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí wọn jáde tí ó fi hàn pé a lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa yí ara ká láti ìta, láìla àyà aláìsàn. Ọwọ́ méjèèjì nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yín ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò lè ṣe mọ́.

1. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Bí ó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga oníkùṣọ́ọ̀nù, ẹ gbé e sílẹ̀.

2. Ẹ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lé orí egungun àárín àyà, kí ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ẹ sì kó ìka pọ̀.

3. Ẹ na apá yín gbọnrangandan, kí èjìká yín wà lókè ọwọ́ gan-an. Ẹ fi gbogbo ara tẹ àyà náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kí ẹ sì jẹ́ kí ó padà sókè tán kí ẹ tó tún un tẹ̀.

4. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó fẹ́ẹ̀ tó ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ máa kà á sókè kí ọwọ́ má baà falẹ̀.

5. Bí ẹ bá ti kọ́ bí a ti ń fẹ́ èémí, ẹ dúró lẹ́yìn ìgbà 30. Ẹ dojú rẹ̀ kọ òkè, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ èémí sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé àyà rẹ̀ ga. Ẹ padà sí títẹ àyà. Ọgbọ̀n ìtẹ̀, èémí méjì: báyìí ni kí ẹ máa yí i.

6. Bí ẹ kò bá kọ́ fífẹ́ èémí, tàbí tí ẹ kò fẹ́ fi ẹnu kan ẹnu àlejò, ẹ máa tẹ àyà nìkan láìdúró. Ó sàn ju kí a dúró máa wò lọ.

7. Iṣẹ́ agbára ni. Kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ má ṣe dúró àfi bí ó bá jí tí ó sì ń mí, tàbí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá dé.

Fún ọmọdé tí ó ti ju ọdún kan lọ, ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lè tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn àyà rẹ̀. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà rẹ̀ mú, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ àárín àyà náà. Ẹnu yín yóò bo ẹnu àti imú ọmọ ọwọ́ pọ̀. Èémí ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀ ni ó nílò.

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń dá àwọn ènìyàn wa dúró. Èkíní ni ìbẹ̀rù pé egungun ìhà lè kán. Ó lè kán lóòótọ́, ṣùgbọ́n egungun tí ó kán yóò jinná. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró tí a kò tẹ̀ kò ní jí. Èkejì ni ìtìjú bí ó bá jẹ́ obìnrin. A lè tẹ àyà lórí aṣọ, kí àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀ sì fi ìró bò ó kúrò lójú èrò. Ẹ̀kẹta ni àṣà dída omi tútù lé ẹni tí ó dákú lórí, fífi ṣíbí la eyín rẹ̀, àti pípe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan. Pípe orúkọ kò burú, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ máa ṣiṣẹ́ bí ẹnu ti ń pè é. Omi àti ṣíbí lè dí ọ̀nà èémí, tàbí kí ó dá eyín rẹ̀.

Bí nǹkan bá há ẹnì kan lọ́fun

Òkèlè, egungun ẹran, ẹyọ ẹ̀pà, owó wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí bíírò lè dí ọ̀nà èémí. Bí ẹni náà bá ń wúkọ́ tí ó sì lè sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa wúkọ́. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, tí ó di ọrùn mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín apá ẹ̀yìn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sí òkè ìdodo rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú, kí ẹ sì fà á sínú àti sókè lójijì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ aláboyún, àárín àyà ni kí ẹ ti fà, kì í ṣe ikùn. Bí ó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà rẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ ni kí ẹ dojú rẹ̀ dé lórí apá yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ gbá a lẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ yí i padà, kí ẹ sì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ má ṣe tì ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ láìrí ohun tí ó há, nítorí ẹ lè tì í wọlé sí i. Ẹ má sì fi òkèlè ẹ̀bà tàbí omi lé ohun tí ó dí ọ̀nà èémí.

Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gidigidi, kí ẹ má sì ṣe máa ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá là á kọjá, ẹ fi aṣọ mìíràn lé e kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí ọ̀bẹ, irin tàbí ìgò bá wọlé sára, ẹ má ṣe yọ ọ́. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì di aṣọ yí i ká kí ó má baà mì. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tàbí ọ̀rá mímọ́ bo ọwọ́ yín. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, eérú àti lúlú ewé kò ní ṣe ọgbẹ́ ní oore kankan.

Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ẹni náà jókòó kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó sì fún ibi rírọ̀ imú rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ó má ṣe gbé orí sẹ́yìn, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà yóò ṣàn sí ọ̀fun.

Iná àti omi gbígbóná

Ọjà tí aṣọ àti ọ̀rá kún inú rẹ̀ kì í jìnnà sí iná. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá ọdún 2019, iná jó ilé ìtajà ní ọjà Balógun. Ṣùgbọ́n inú ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀: ìkòkò omi tí ọmọ fà lulẹ̀, epo àkàrà tí ó ta síni lára, ẹ̀rọ ìdáná gáàsì tí ó ń jò.

Bí iná bá mú aṣọ ẹnì kan, kí ó má ṣe sáré. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ sì yí i lórí ilẹ̀ tàbí kí ẹ fi aṣọ nínípọn bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ibi tí ó jó sábẹ́ omi tútù tí ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Bí ẹ̀rọ omi kò bá yọ, ẹ máa fi kọ́ọ̀pù bu omi mímọ́ láti inú dúrọ́ọ̀mù dà á sí i lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ẹ má lo omi yìnyín. Ẹ tètè bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti aago kí ibẹ̀ tó wú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fa aṣọ tí ó ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ fi ọ̀rá mímọ́ tàbí aṣọ mímọ́ bò ó. Ògì, ẹyin, epo pupa, iyọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín ń dá ooru dúró sínú ara, wọ́n ń gbé kòkòrò àrùn wọ ojú egbò, dókítà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha wọ́n kúrò kí ó tó lè tọ́jú rẹ̀. Ìrora tí èyí ń fún ọmọdé kò kéré.

Gíri àti wárápá

Ibà líle lè mú kí gíri gbé ọmọdé. Ó ń ba ọ̀pọ̀ òbí lẹ́rù, ìbẹ̀rù náà sì ni ó ń mú wọn ṣe ohun tí ó burú ju gíri fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ má ṣe fún un ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù pò: ó lè sọ ọmọ náà di aláìmí. Ẹ má fi ata sí i lójú tàbí nímú.

Ohun tí ó tọ́ nìyí: ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ níbi tí kò ti lè fi orí gbá nǹkan, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú aṣọ tí ó fún ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Bí ìgbọ̀nrìrì náà bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọdé tí gíri gbé gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, kí a lè mọ ohun tí ó fa ibà rẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e, ẹ pe 767 lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àgbàlagbà tí wárápá gbé. Itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá fún un.

Ẹni tí omi gbé

Ọ̀sà yí wa ká. Ẹ má ṣe kàn bẹ́ sómi tọ ẹni tí ó ń rì, nítorí ó lè fà yín rì. Ẹ na igi gígùn sí i, tàbí kí ẹ so okùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ìdérí rẹ̀ le, kí ẹ sì jù ú sí i kí ó dì í mú. Bí ẹ bá ti fà á jáde tí kò sì mí, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi jáde. Ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Afẹ́fẹ́ ni ó sọnù lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i, ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé. Kódà bí ó bá jí, kí ó dé ilé ìwòsàn, nítorí omi tí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Iná mànàmáná àti èéfín jẹnẹrétọ̀

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni tí iná mànàmáná gbé títí ẹ ó fi pa iná láti orísun rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè pa á, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ sì fi igi gbígbẹ tàbí ike ti wáyà náà kúrò. Bí ó bá jẹ́ wáyà ńlá orí òpó ni ó já, ẹ jìnnà sí i pátápátá, kí ẹ sì pè fún ìrànlọ́wọ́.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn tí a fi lè mọ ìgbà tí ó ti ń pani. Orí fífọ́, òòyì àti àárẹ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bálíkónì tàbí abẹ́ fèrèsé. Bí ẹ bá bá ènìyàn nínú yàrá tí èéfín kún, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ tètè gbé e síta sínú afẹ́fẹ́ tútù, kí ẹ tó wo mímí rẹ̀.

Kẹrosíìnì, ọ̀tapíápíá àti májèlé mìíràn

Ọmọdé ń mu ohun tí ó bá rí nínú ìgò ohun mímu. Bí ó bá mu kẹrosíìnì, omi bátìrì tàbí oògùn kòkòrò, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Bí kẹrosíìnì bá tún gba ọ̀fun jáde, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Omi bátìrì yóò tún jó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò tí ó mu nínú rẹ̀. Láti òní lọ, ẹ má ṣe rọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìgò omi tàbí ti mínírà.

Rọpárọsẹ̀

Bí ẹnu àgbàlagbà bá wọ́ lójijì, tí apá kan kò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń fà, rọpárọsẹ̀ lè ni. Ẹ ní kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó gbé apá méjèèjì sókè, kí ó sì sọ orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ wo aago kí ẹ lè sọ fún dókítà ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pe áńbúláǹsì. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ, omi tàbí oògùn, ẹ má sì ṣe duro de ilẹ̀ mímọ́. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú lè ràn án lọ́wọ́ jù.

Bí ilé bá wó tàbí ọkọ̀ bá kọ luni

Bí ilé bá wó, kí èrò má ṣe gun orí àlàpà náà papọ̀, nítorí ìwúwo wọn lè tẹ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ohùn tàbí kíkàn. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ fún àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n bá dé. Ẹ má ṣe fa ẹnikẹ́ni ní apá tàbí ẹsẹ̀ kí ara rẹ̀ tó bọ́ lábẹ́ ẹrù.

Ẹni tí ó ṣubú láti òkè tàbí tí ọkọ̀ gbá lè ti fi ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe. Àyàfi bí iná tàbí ewu mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà bí ó ti wà, kí ẹnì kan sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kí ó má yí. Ẹ má ṣe gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Egungun tí ó kán ni kí ẹ fi pákó tàbí páálí líle tì ní ẹ̀gbẹ́, láìgbìyànjú láti nà án.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù láti gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn nítorí owó tàbí ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala ogún, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó jẹ́ ìdí. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí i lè san ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000), tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin mìíràn, ti ọdún 2017, pa á láṣẹ pé kí a tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé wà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí kò sí.

Bí ẹ ó ti kọ́ ọ, àti ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú agboolé

Kíkà nìkan kò tó. A ń fi ọwọ́ kọ́ títẹ àyà lára bèbí ìdánrawò ni, lábẹ́ ojú olùkọ́. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, ń kọ́ni ní ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún lè béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó sún mọ́ yín àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó ti kọ́ ọ tún un kọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, nítorí ọwọ́ máa ń gbàgbé.

Kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì, ó kéré tán, tí yóò lọ kọ́ ọ. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àpótí kan wà níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀, kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà, báńdéèjì, aṣọ mímọ́, sísọ́ọ̀sì, ọṣẹ àti tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Kí a kọ 767 àti 112 gàdàgbà sára ògiri ẹnu ọ̀nà, kí a sì kọ àdírẹ́sì ilé náà sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ìpayà lè mú kí onílé gbàgbé nọ́ńbà ilé ara rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kò wọ́n wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, èrò kì í pẹ́ dé. Ohun tí ó kù ni kí ọwọ́ wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọn yóò ṣe.